Mo Fi Ọ̀bẹ Dú Ọ̀yà Tó Ti Kú

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí Bàbá Músílíù bá ti mọ́ṣáláṣí dé, ó máa ń dárúkọ mi nínú àdúà rẹ̀. Màá jókòó tì í lórí ẹní, màá tẹ́wọ́, màá máa ṣe àmín. Bàbá rò pé èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ikú. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí ni mo fẹ́ sọ òótọ́ fún, nítorí mi ò tíì lè sọ ọ́ fún òun tó ni ọ̀rọ̀.

Ọmọ Banigbé ni mí, mo sì ti lé ní ogójì ọdún dáadáa. Ìgbà tí bàbá mi kú ni mo fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ Faransé díẹ̀ tí mo kọ́ níbẹ̀ kò kúrò lẹ́nu mi. Iṣẹ́ alágbàṣe ni mò ń ṣe, mo ń kọ ebè, mo ń kọ ẹyìn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí iṣẹ́ oko dínkù, mo máa ń dẹ tàkúté fún ọ̀yà nínú pápá ńlá kan lẹ́yìn Ifangni, tí koríko rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, tó sì lọ títí dé ibi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Músílíù ló ni pápá náà. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi ju itan kan lára ọ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ, bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àwọn bàbá rẹ̀. Ohun tó sì máa ń bi mí kó tó gbà á ni pé ṣé mo bá a láàyè, ṣé èmi ni mo dú u. Mùsùlùmí tó mú ẹ̀sìn rẹ̀ dáadáa ni, kì í jẹ òkú ẹran. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tètè lọ wo tàkúté mi láàárọ̀, kí ẹran má baà kú sínú okùn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tàkúté mi kò mú ọ̀yà mọ́. Mo lè lọ láàárọ̀ márùn-ún kí n má bá nǹkan kan ju ẹsẹ̀ wọn lórí ilẹ̀ àti koríko tí wọ́n gé jẹ. Ìyá kan tó máa ń ra ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ mi, tó ń gbé e kọjá sí Nàìjíríà, wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọjà. Ó ní, "Ọlọ́yà, àbí ọ̀yà ti fún ẹ lọ́mọ fẹ́ ni, tí o ò lè pa àna rẹ mọ́?" Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọnú egungun. Kò pẹ́ sígbà náà ni alágbàṣe ẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi ohun tí àwọn mìíràn ń ṣe, pé wọ́n ń fi oògùn kòkòrò tí a ń fín sí ẹ̀wà pa ọ̀yà. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá mẹ́ta nílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé àjèjì ni yóò jẹ ẹ́, pé iná yóò pa májèlé náà, pé tí mo bá ti kó ìfun rẹ̀ dànù, ó parí. Ẹ ò rí i bí ènìyàn ṣe ń tan ara rẹ̀?

Mo wá ń gba ọ̀nà mìíràn kí n má baà kọjá níwájú ilé Bàbá. Tó bá béèrè, màá ní mi ò rí nǹkan pa. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Músílíù, ìyàwó rẹ̀, ń ti ibi igi ìdáná bọ̀, ó sì ká ọ̀yà méjì mọ́ mi léjìká.

"Ẹ̀n-ẹ́n, ọkọ mi," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "o ti wá ń dá a jẹ? Ṣé torí pé eyín bàbá rẹ ti ká tán ni?"

Mo ní mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó lọ síwájú, mo fa ọ̀bẹ yọ, mo fi gé ọ̀yà tó ti kú láti òru lọ́fun. Ẹ̀jẹ̀ kò tú, ó kàn rọra yọ ní dúdú. Mo gbé e lọ.

Bàbá ní, "Ṣé o bá a láàyè?"

"Mo bá a láàyè, bàbá."

"Ó ta ẹsẹ̀ nígbà tí o dú u?"

"Ó ta ẹsẹ̀."

"Alihamudulilahi. Ìyá rẹ ti fẹ́ fi ewé sọ mí di ewúrẹ́ nínú ilé yìí." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo gé itan náà sílẹ̀, mo lọ.

Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò wọn sáré wá pè mí. Àwọn méjèèjì ń bì, wọn ò lè dìde. Kùtọnu ni àwọn ọmọ wọn wà. Mo pe alùpùpù méjì, a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn lọ́jọ́ yẹn wá láti apá òkè orílẹ̀-èdè wa, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Èmi ni mo di ẹnu wọn. Ó bi mí lédè Faransé pé kí ni wọ́n jẹ láti àná. Mo bi Ìyá. Ó fi ohùn kékeré dáhùn pé, "Ẹ̀kọ. Ẹ̀fọ́. Ọ̀yà tí ọmọ wa gbé wá." Mo yíjú sí ọmọbìnrin náà, mo ní ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ni. Ó tún bi mí pé ṣé kò sí nǹkan mìíràn, ṣé kò sí oògùn oko kankan tó kan oúnjẹ wọn. Ìyá ń wo ẹnu mi. Ó rò pé gbogbo ohun tí òun wí ni mò ń wí. Mo ní kò sí nǹkan mìíràn. Ìtọ́jú tó bá ọ̀rọ̀ tí mo sọ mu ni wọ́n ṣe fún wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá ti kú. Ẹran kékeré ni Bàbá jẹ nítorí eyín rẹ̀, ó fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Òun bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Láti ìgbà náà, ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i ni pé bí kì í bá ṣe ọmọ yìí tó bá àwọn sọ Faransé, òun náà ì bá ti lọ. Títí di òní, kò mọ̀ pé òkú ẹran ni òun jẹ. Mo ti kó tàkúté mi dànù, mi ò sì fọwọ́ kan májèlé mọ́, ṣùgbọ́n èyí kò dá ẹnikẹ́ni padà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun fẹ́ fún mi ní apá kan nínú pápá náà, kí n máa dá oko síbẹ̀, kí n kọ́lé síbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti ṣe ẹlẹ́rìí.

Tí mo bá gbà á, orí irọ́ ni màá kọ́lé lé. Tí mo bá kọ̀, yóò bi mí ìdí. Àwọn ọmọ rẹ̀ lè fà mí fún àwọn jandáámù, ìyẹn ọlọ́pàá ìgbèríko wa, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi. Èyí tí mi ò lè fara dà ni pé kí Bàbá má sọ nǹkan kan, kó kàn máa wò mí. Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ẹ fi májèlé sílẹ̀. Àjèjì tí ẹ ó fi fún náà ní àwọn ará ilé tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ wá ọ̀nà tí mi ò fi ní sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní gbólóhùn tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀.