Igbá Tó Ń Wu Oníbodè

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn bàbá ńlá yín kò tíì mọ irọ́ pa, Àtàndá ni oníbodè ìlú yìí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì panu dé kí eṣinṣin má sọ ọ́ dilé.

Àtàndá ṣọ́ bodè, ó ṣọ́ bodè, títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun. Iṣu ń wọlé, adìẹ ń wọlé, ọ̀wọ̀ ń wọlé. Ṣùgbọ́n igbá fínfín ló ń wù ú. Bí ẹlẹ́rù bá ru igbá kọjá, ojú rẹ̀ a bá a lọ títí yóò fi wọgbó. Bó bá sùn lọ́sàn-án, ìka rẹ̀ a máa fín ẹ̀yìn Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.

Lọ́jọ́ kan, ó dá ọ̀pá bodè padà fún ọba, ó jókòó sílé, ó mú ọ̀bẹ. Ìlú rẹ́rìn-ín!

"Bàbá oníbodè, ṣé wọ́n lé yín ni?"

"Èmi ni mo lé ara mi."

Ṣé ẹ mọ àwa èèyàn wa: a lè fi oúnjẹ duni, a kì í fi kíkí duni. Ẹni tó wá wo wèrè gbọ́dọ̀ kí wèrè. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ọmọ ńkọ́? Ewúrẹ́ yín tó sọnù ńkọ́?" Àgbà tí kò bá dáhùn, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Àtàndá a gbójú sókè, ọ̀bẹ a yẹ̀, igbá a bàjẹ́. Ojú rẹ̀ ń ṣú, kò sì tíì fín odidi igbá kan parí rí.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "àfi kí n padà sí bodè. Ojú mi ò ní dúró dè mí."

Àwẹ̀ró dìde. Ó gbé àpótí, ó lọ fìdí dí ẹnu ọ̀nà. Ìjòyè kan dé, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ó ní ẹ ṣeun," Àwẹ̀ró dáhùn.

"Ṣé ó gbọ́ ni?"

"Ó ti dáhùn kí ẹ tó kúrò nílé. Ọmọ wà. Ewúrẹ́, a ti rí i, a ti jẹ ẹ́."

Ìjòyè bú u, ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú ilé, ọ̀bẹ ń họ igbá lọ, ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́.

Bí Àtàndá ṣe fín odidi igbá kan nìyẹn. Nígbà tó parí, ojú ti lọ. Ìka ló fi wò ó. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ó kù díẹ̀ kó dà bí èyí tó wà lọ́kàn mi." Ó sì nawọ́ sí òmíràn.

Ìdí nìyí tí a kì í fi kí oníṣẹ́ ọnà lẹ́nu iṣẹ́ nílé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọba ló dé. Ẹnì kan ní láti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa bá a dáhùn. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ò lè fín igbá, mo ń wò yín, ẹ pọ̀. Ẹ gbé àpótí yín.