Ráútà Tí Mo Yàn fún Reuben

Ẹ jókòó, gbogbo ẹ̀yin tí a jọ kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọlọ́runníyì, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé kí n rọra. Ẹ ò tíì gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó gé ìka Reuben. Èmi Akínsànyà ni mo gbé e mì. Òní ni màá pọ̀ ọ́, bí orúkọ mi yóò bá tiẹ̀ bàjẹ́ láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó.

Ẹ mọ̀ mí. Mi ò parí ìwé mẹ́fà, bí ẹnìkan bá sì ṣẹ̀ mí, mi ò kì í gbàgbé. Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ni mo kan pósí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde, Reuben tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Akínsànyà, igun kan ga ju èkejì lọ o! Ṣé kí Bàbá máa fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn ni?" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àbúrò mi pàápàá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ tó fi ń kí mi. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín sí i, inú mi ò sì rẹ́rìn-ín rí.

Àṣà wa ni pé ẹnì kankan kì í ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ láìjẹ́ pé mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀gá ló fi iṣẹ́ yẹn lé mi lọ́wọ́, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá ti dún, mo máa ń mọ ibi tó ń dùn ún. Ti Reuben yàtọ̀. Ariwo ẹ̀rọ ìlàgi ti jẹ etí rẹ̀. Nígbà tó kan tábìlì ráútà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Yaba, l'Óǹdó, kó lè máa fi ṣe ilẹ̀kùn páńẹ́ẹ̀lì, ó wá bá mi ní Àkúrẹ́ pé kí n bá òun yan ráútà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ etí igi, tí òun máa dè sábẹ́ rẹ̀. A jọ lọ sí ìsọ̀ Olúgbénga tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ní Arakale.

"Èyí tó lágbára ni kó o bá mi wá," Reuben wí. "Ìrókò ni màá máa fi gé. Mi ò fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa sunkún bí mo bá ti igi sí i lẹ́nu."

Olúgbénga gbé méjì kalẹ̀, dúdú kan, aláwọ̀ ewé kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, méjèèjì lágbára, àmọ́ mi ò tíì tan dúdú yìí wò. Ẹ bá mi gbọ́ ọ dáadáa." Oníbàárà mìíràn pè é, ó sì fi wá sílẹ̀.

Mo tan aláwọ̀ ewé. Bí mo ṣe ń yí bọ́tìnnì tó ń dín eré rẹ̀ kù, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Mo tan dúdú. Ó bú bíi kìnnìún. Mo yí bọ́tìnnì tirẹ̀ dé òpin, ohùn ò lọ sílẹ̀ rárá. Bọ́tìnnì ti kú. Eré àsápajúdé nìkan ló mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ewu púpọ̀ bó bá jẹ́ ọ̀bẹ bíìtì tẹ́ẹ́rẹ́ la fi sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bíìtì ilẹ̀kùn páńẹ́ẹ̀lì fẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló yẹ kó máa yí. Bó bá sáré, á ju igi.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹnu mi ti là. Ni Reuben bá fèjìká gbá mi, "Kí lo ń fetí sí tó báyìí? Àbí òun náà ga ní igun kan ni?"

Mo ní, "Dúdú ni kó o gbé. Kò sí bó o ṣe ti igi sí i tí yóò sunkún."

"Bọ́tìnnì eré rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

Ìkà ni mí. Mo rò pé yóò kàn ba igi olówó jẹ́ ni, kí àwọn èèyàn lè fi òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbé e dé Yaba, Reuben yí bọ́tìnnì sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ṣe kọ́ wa, etí rẹ̀ ò sọ fún un pé eré náà ò dín, ó sì ti ìrókò sí i. Ẹ̀rọ ju igi náà, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sẹ́nu bíìtì. Bímbọ́lá ìyàwó rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tí ẹ yàn fún wa ti gé ìka ọkọ mi méjì!"

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ẹ pè wá jọ, ẹ bi mí léèrè. Mo dìde, mo ní èyí tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ dára, pé Olúgbénga ló pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó lọ dì í sínú páálí. Kíá lẹ gbà mí gbọ́. Olúgbénga kúnlẹ̀ níwájú yín: "Ẹ̀gbọ́n Akínsànyà, ẹ wo ojú mi. Ṣé mo pààrọ̀ ẹ̀?" Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "O pààrọ̀ ẹ̀." Ti ìka, mo lè ní mi ò mọ̀ pé yóò tó bẹ́ẹ̀. Èyí, mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo Arakale ń pè é ní olè títí ó fi ti ìsọ̀ pa. Ìgbàrà-Òkè ló wà báyìí, ó ń gun ọ̀kadà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Reuben tún wá bá mi. Ó ní, "Mo fẹ́ ra òmíràn. Ìwọ ni kó o yàn án. Olè yẹn ló rẹ́ wa jẹ, etí tìrẹ ò tàn mí rí." Ó na ọwọ́ tó kù díẹ̀ káàtó yẹn sí mi kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo bọ̀ ọ́. Nígbà tó lọ tán ni mo pinnu.

Reuben, ìwọ tó jókòó síbẹ̀ yẹn, Olúgbénga ò pààrọ̀ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá lo fẹ́ lọ, màá bá ọ wọkọ̀. Dárí jì mí bó o bá lè; bí o kò bá lè, mi ò ní bínú. Láti ibí, Ìgbàrà-Òkè ni mò ń lọ. Kí ẹni méjì nínú yín bá mi lọ, kí wọ́n gbọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lójú ọkùnrin yẹn, kí a sì jọ mú un padà wá sí Arakale, kí n tún un sọ ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá yín gbọ́ ohùn ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà láàárín wa, ìbínú ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè yín láti wá dán ẹ̀rọ wò fún ẹni tí ẹ kò lè dárí jì, ẹ sọ fún un pé etí ń dùn yín, kí ẹ sì máa lọ sílé yín.