Ọkùnrin Inú Tẹlifíṣọ̀n Alájì

Mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣọ̀n kan ní àdúgbò Vai Town, èmi tí mo mọ tẹlifíṣọ̀n ju gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ, nígbà tí Alájì kan ru tiẹ̀ wọlé, tó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ọlọ́jà.

"Gba ẹrù ẹ! Ọkùnrin inú ẹ̀ ti rí ìyàwó mi!"

"Ẹ̀n? Ọkùnrin wo, Alájì?"

"Èyí tó ń ka ìròyìn! Ìyàwó mi wà ní ẹ̀hà o. Àbúrò mi tá a jọ ń gbélé gan-an ò rí ojú ẹ̀ rí!"

"Alájì, àwòrán lásán ni. Kò lè rí yín."

"Kò rí wa tẹ́lẹ̀! Ṣebí ńṣe lojú ẹ̀ ń yí gbirigbiri. Ìwọ lo ní kí n máa yí irin orí ẹ̀, kí n máa yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi tún ojú ọkùnrin yẹn ṣe, títí ó fi ríran! Bó ṣe dúró báyìí, ìyàwó mi ló ń wò. Ìyàwó mi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ṣì ń wò ó!"

Títí ó fi ríran! Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lọ́kàn mi.

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. "Gíláàsì kì í ríran, Alájì, I beg you ya."

"Kò ríran? Bí ìyàwó mi ṣe fa ìbòrí bojú, kíá ló ní 'good night', ó kó ìwé ẹ̀, ó lọ! Ta ló sọ fún un?"

Ọlọ́jà wò mí. Èmi tí mo mọ tẹlifíṣọ̀n, mo ti sún kúrò níwájú gíláàsì náà.

Ni ọlọ́jà bá rọra kọ ojú tẹlifíṣọ̀n náà sí ògiri.