Mo Fi Gúlúkóòsì Sínú Omi Àdúrà Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pẹ́ tí nǹkan yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà ọkọ mi kò mọ̀. N kì bá tí sọ ọ́ títí n ó fi kú, ṣùgbọ́n àbúrò mi ń gbẹ lójú mi, èmi ni mo sì mọ ohun tó ń mú un gbẹ.

Olùkọ́ ni mí. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ n'Ìbàdàn, ìtàn ni iṣẹ́ tí mo kọ́ gan-an. Wọ́n ní kí oníkálukú mú iṣẹ́ kékeré kan mọ́ ọn, mo sì mú ìmọ̀ oúnjẹ àwọn tó ń sá eré ìje. Kí n má purọ́, mo rò pé a óò máa se oúnjẹ jẹ ni. Àṣé ìwé ni a óò máa kà: oúnjẹ tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára, èyí tó ń wúwo nínú, èyí tí sárésáré gbọ́dọ̀ jẹ kó tó jáde.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ ká parí, olùkọ́ wa ní kí kálukú wa wá sárésáré kan, kó bójú tó oúnjẹ rẹ̀ títí di ọjọ́ ìje, kó sì wá ròyìn. Inú mi dùn, nítorí sárésáré wà nílé wa. Dọ́kásì, àbúrò mi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá, wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Olódò, kò sì sí ọmọbìnrin tó lè bá a sáré ní gbogbo agbègbè wa. Wọ́n ti mú un pé kó wá bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn díje.

Mo gba ilé lọ pẹ̀lú ẹyin, ẹ̀wà, àti gúlúkóòsì inú agolo, ìyẹ̀fun funfun tó ń dùn bíi ṣúgà yẹn. Ìyá wa wo ẹrù mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín náà nìyí, oúnjẹ jíjẹ? Èmi tí n kò kàwé, ta ló kọ́ mi tí mo fi bọ́ yín tí ẹ fi ga tó báyìí?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún mi pé Dọ́kásì kò ní jẹun. Aládùúrà ni wá nílé. Wòlíì ìjọ wa ti ríran pé ojú ọ̀tá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta títí di ọjọ́ ìje. Omi tí wọ́n gbàdúrà sí nìkan ni kó máa mu.

Mo bẹ Dọ́kásì. Mo sọ fún un pé ẹni tí kò jẹun kò lè sáré, pé yóò ṣubú lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oúnjẹ lọ̀ mí," ló wí. "Mo ti ṣèlérí fún Ọlọ́run."

Nígbà tó yá, ó dìde lórí àpótí, òòyì kọ́ ọ, ó tún jókòó. Ẹ̀rù bà mí. Kí n sọ òtítọ́, ẹ̀rù iṣẹ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà bà mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìje, nígbà tó lọ wẹ̀, mo ṣí ìgò omi àdúrà rẹ̀. Mo da gúlúkóòsì sí i, mo fi iyọ̀ díẹ̀ kún un, mo mì í títí ó fi yòrò. Mo sì dé e padà.

Létí pápá ni ó ti mu ún. Mo rí i tó dáwọ́ dúró díẹ̀, tó ń wo ìgò náà. Ó tún gbé e sẹ́nu. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, àbúrò mi fò jáde, kò sì sí ẹni tó tún rí i bá. Mo fò, mo sunkún, mo yọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo sá eré náà.

Ní ọjọ́ ìsinmi ni ọ̀rọ̀ di ńlá. Dọ́kásì jáde láti jẹ́rìí. Ó ní nígbà tí ebi fẹ́ pa òun, òun gbé omi náà sẹ́nu, Ọlọ́run sì ti sọ ọ́ di dídùn. Gbogbo ìjọ hó. Ìyá wa wólẹ̀, wọ́n ń sunkún. Èmi náà pariwo "Halelúyà" pẹ̀lú wọn. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ojú tì mí.

Nígbà tí mo padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sọ fún olùkọ́ wa pé ẹyin àti ẹ̀wà ni mo fi bọ́ ọ. Wọ́n yìn mí níwájú kíláàsì.

Dọ́kásì ti lọ́kọ báyìí ní Ìyànà Ọ̀fà. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, ó sì tún ti lóyún mìíràn. Nígbà tí mo lọ kí i lóṣù tó kọjá, eegun ọrùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ọkọ rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ààwẹ̀ yìí kì í tán tí òmíràn kì í bẹ̀rẹ̀."

Mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ, mo bi í léèrè. Ó gbé ìgò omi kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tọ́ ọ wò. Ṣé ó dùn?"

Mo tọ́ ọ wò. Omi lásán ni.

"Láti ọjọ́ ìje yẹn, kò dùn mọ́," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. "Mo ń gbààwẹ̀, mo ń gbàdúrà sí i, mo ń tọ́ ọ wò. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ tí Ọlọ́run fi kọ̀ mí?"

Nígbà tí mo ń padà sílé, mo yà ní ọjà, mo ra gúlúkóòsì. Ó wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá tún dà á sínú omi rẹ̀, yóò yọ̀, yóò jẹun, oyún náà lè dúró. Ṣùgbọ́n irọ́ mi á di méjì, ìgbà mìíràn tí omi kò bá sì dùn ńkọ́? Bí mo bá jẹ́wọ́, kí ni yóò kù fún un láti dì mú? Ìyá wa ṣì ń jẹ́rìí náà káàkiri títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ sọ fún mi ohun tí n ó ṣe. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ mìíràn. Ó ní kí n wá bá òun tọ́ omi náà wò, torí pé nínú gbogbo èèyàn òun, èmi nìkan ni òun mọ̀ tí kò lè purọ́ fún òun.