Àwọn Ọmọbìnrin Tó Ń Gbá Rọ́gíbì

Ẹ̀rù sọ mí di òmùgọ̀ lọ́jọ́ náà: nígbà tí ọmọbìnrin kan tí ètè rẹ̀ wú, tí ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ bọ́ọ̀sì Òkè-Òyì tí mo jókòó sí, ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni mo pè é, mo sì yára bọ́ aago ọwọ́ mi sábẹ́ fìlà. Àṣé ìyá rẹ̀ tó lọ kí i ní yunifásítì ló ń fà á bọ̀ wálé.

"Wàláhì, o ò padà síbẹ̀ mọ́. Ìwé la ní kí o lọ kà, kì í ṣe ìjàkadì."

"Ìyá, rọ́gíbì ni. Bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin ni, ọwọ́ la fi ń gbé e sá. Àwa ọmọbìnrin la dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, a ò ju méje lọ, ẹgbẹ́ tí kò bá sì pé méje kò lè gbá a. Bí n ò bá padà, ó tú nìyẹn."

"Kó tú! Ta ló fọ́ ọ lẹ́nu?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ kí n má bàa gbé bọ́ọ̀lù sá lọ."

"Asitafurúlà! Ọ̀rẹ́ wo nìyẹn?"

"Ẹni tó dà mí ṣubú náà ló fà mí dìde, Ìyá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àwọn tó ti dà mí ṣubú láyé pọ̀. N ò rántí ẹyọ kan tó dúró nawọ́ sí mi.

Ìyá náà béèrè pé: "Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ ò sì dáwọ́ dúró?"

"A ò dáwọ́ dúró, mà."

"Ṣòkòtò gígùn ni kí o máa wọ̀, kí o sì máa borí. Bàbá rẹ, èmi ni n ó bá a sọ ọ́."