Oríkì Tí Kò Délé

Nínú tàkìsí láti Pobẹ̀ sí Sákété, ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọrin ráàpù ni mo gbọ́ láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mi ò yíjú wò wọ́n, torí láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbókìtì pẹ̀lú mi, ojú ọ̀nà nìkan ni mo máa ń wò.

“O fi ohùn ìyá mi sínú orin, ó dáa. Ta ló ní kí o gé oríkì láàárín?”

“Táńtí, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ṣe orin náà ló gé e kó lè bá ìlù mu. Ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn ń jó sí.”

“Ibẹ̀ náà ni màmá ń tún pè ṣáá nínú orin yín. Ẹ ò jẹ́ kó délé! Ọ̀la la ó sọ ọmọ rẹ lórúkọ, a sì gbọ́dọ̀ ki oríkì náà fún un. Ṣí pọtáábù rẹ tó o fi gba ohùn màmá sílẹ̀, kí n gbọ́ ìyókù.”

“Ó ti kún, mo ti pa ohùn náà rẹ́. Mo ṣèbí ẹ mọ̀ ọ́n lórí.”

“Èmi? Mo ṣèbí ó wà lọ́wọ́ rẹ, ni mi ò fi bi màmá kó tó kú.”

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì náà jẹ́jẹ́: “Ọmọ ọlọ́pẹ kúkúrú tí í so wọ̀ǹtìwọnti, ọmọ a-jí-gbẹ́mu-fálejò, ọmọ…” Ó dé ibi tí wọ́n gé e, ẹnu rẹ̀ sì ṣẹ́rí padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí orin náà ti ń ṣe.

“Táńtí, ẹ jọ̀ọ́, ó tó,” ni ọmọkùnrin náà wí. “A ò jẹ́ kó délé lóòótọ́.”