Irùngbọ̀n Lórí Síídì

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo wọ̀ ní Ìkàtẹ̀ pẹ̀lú obìnrin olórin kan àti ọkọ rẹ̀, wọ́n ń kó síídì orin rẹ̀ lọ tà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà fa ọ̀kan yọ, ó kígbe sí ọkọ rẹ̀:

“Dádì, ẹ wò ó! Mo kàn fọwọ́ kan àwòrán mi lára páálí síídì yìí ni, yíǹkì fà dé àgbọ̀n mi, mo ti nírùngbọ̀n! Ẹ̀yin àti máṣíìnì ìtẹ̀wé tẹ́ ẹ rà sílé yìí!”

“Kò tíì gbẹ ni. Mo kúkú tò wọ́n sórí ààrò tí màmá mi fi ń yan ẹja kí wọ́n lè tètè gbẹ.”

“Áà! Abájọ tó ń rùn bí ẹja!”

Gbogbo ológbò Ìkàtẹ̀ ló ń sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ wa.

“Ta ló máa ra orin obìnrin onírùngbọ̀n?”

“Ohùn ni wọ́n fẹ́ rà.”

Obìnrin náà wo àgbọ̀n ọkọ rẹ̀.

“Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ nírùngbọ̀n, ẹ̀yin lẹ máa kọrin níwájú ìjọ. Èmi á máa gberin.”